Omi Tó Ń Pọ́n Nínú Korobá Ìyá Rẹ

Ìkòròdú,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Mùínátù ọmọ Ìwó, ọmọ odò Ọbà,

Sálámù aléékún. Bí ìwé yìí bá bá ọ níbi tí o ti ń di ẹrù, gbé àpò yẹn sílẹ̀ ná. Jókòó. Bí o bá ti jẹun, ó dára. Bí o ò bá tíì jẹun, lọ jẹun kí o tó kà á, torí ó gùn, mo sì mọ̀ ọ́ dáadáa, ebi kì í jẹ́ kí o gbọ́ràn.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, ìwọ àti ìyá rẹ kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Bí mo bá ti ní "Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé," ọ̀kan nínú yín á ti já a gbà. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n sì ti mú iná lọ láti àárọ̀. Áyọ́ọ̀nù tutù sórí tábìlì, aṣọ tí mo sá kò tíì gbẹ, kò sí oníbàárà kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo lè ṣe náà ni kí n bá ọ sọ̀rọ̀.

O pè wá lọ́jọ́ Àìkú, o sì sunkún. O ní ẹ ṣe ìdánwò kẹ́mísírì, wọ́n fún ọ ní máàkì mẹ́ta nínú ogún. O ní, "Bàámi, Yorùbá ni mo wá kọ́ ní Ẹ̀pẹ́, kí n lè di tísà Yorùbá. Kí ló kàn mí kan kẹ́mísírì?" O ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ló fi dandan lé e pé gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọmọ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ṣe kẹ́mísírì kékeré kan kó tó gòkè sí ọdún kejì. O ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wàá lọ yọ orúkọ rẹ kúrò, wàá sì padà sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tẹ́lẹ̀ nídìí Gáréèjì. O tilẹ̀ ti bá àǹtí tó ni ilé-ìwé náà sọ̀rọ̀, wọ́n ní àyè rẹ ṣì wà.

Ìyá rẹ já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Máa bọ̀ wálé jàre, ọmọ mi. Ẹ̀mí ló jù."

Mi ò fẹ́ bá a jà níṣojú rẹ, mo bá jẹ́ kó máa sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò sí níbí báyìí, ó ti lọ kó ẹja ní Ìjẹ̀dé, jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Mi ò fẹ́ kí o wálé. Mo ti sọ ọ́. Kì í ṣe pé àárò rẹ kò sọ mí. Láti ìgbà tí o ti lọ, ilé yìí dákẹ́ jù, mo ń dá jókòó, mo ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n bí o bá wálé lọ́jọ́ Ajé, o ò ní padà lọ mọ́. Èmi náà fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ìwó, mo ní fún ìgbà díẹ̀ ni, kí n fi kọ́ṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ná. Ìgbà díẹ̀ ọ̀hún kò tíì parí títí di òní.

Torí náà, fetí sílẹ̀. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ mi ní ẹsẹẹsẹ bí àwọn alákọ̀wé ṣe ń ṣe.

Èkíní. O ní ohun tó kọ́kọ́ dojú rú mọ́ ọ lọ́wọ́ ni àwọn àmì yẹn. O ní wọn kì í kọ irin bí irin, wọn ò sì kọ ọ́ bí Òyìnbó ṣe ń pè é, Fe ni wọ́n ń kọ. O ní, "Bàámi, Fe kẹ̀? Ta ló bí Fe?" Ìwọ ń sunkún, ẹ̀rín ń pa mí. Mo fọwọ́ bo ẹnu fóònù kí o má baà gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lò ń sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí o mọ gbogbo àmì inú ṣọ́ọ̀bù yìí kí o tó mọ A, B, D? O mọ̀ pé àwa alágbàfọ̀ kì í kọ orúkọ oníbàárà sára aṣọ. Ta ló fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí ọrùn bùbá òun? Àmì la máa ń fi sí i lábẹ́ ọrùn aṣọ, níbi tí ojú kò tó, pẹ̀lú yíǹkì tí ọṣẹ kì í yọ. Ìlà méjì àti àkámọ́ kan ni ti Ìyá Oníbúrẹ́dì. Èyí tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ ni ti tísà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Wàá gorí àpótí, wàá yí ọrùn aṣọ padà, wàá pariwo, "Ti Ìyá Oníbúrẹ́dì!" Ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ gbé ṣòkòtò tísà fún ẹlòmíràn, ìwọ lo fà á gbà lọ́wọ́ mi, o ní, "Bàámi, ẹsẹ̀ adìyẹ nìyí o." O ò bi mí rí pé kí ló dé tí àmì Ìyá Oníbúrẹ́dì kò jọ búrẹ́dì.

Mùínátù ni wọ́n ń pè ọ́ ní ilé kéú. Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń pè ọ́. Ọmọ́wùmí ni ìyá rẹ ń pè ọ́ bó bá fẹ́ rán ọ níṣẹ́ tó nira. Ṣé o di ẹni mẹ́ta ni? Irin náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ilé tirẹ̀. Fe ni. Kí i, kí ẹ di ojúlùmọ̀.

O tún ní wọ́n ní kí ẹ máa ka ohun tó wà lápá òsì àti lápá ọ̀tún títí á fi dọ́gba, pé nínú ìbéèrè yẹn, òdo lo gbà. Hẹ̀n-ẹ́n. Bí oníbàárà bá kó agbádá, ṣòkòtò àti fìlà wá, mi ò lè kó agbádá àti ṣòkòtò nìkan fún un, kí n ní fìlà ti yọ́ sómi. Ohun tó wọlé ló gbọ́dọ̀ jáde. Ó lè jáde ní kíká, ó lè jáde ní lílọ̀, ó lè jọ pé kì í ṣe òun mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá kà á, á pé. Bóyá ti kẹ́mísírì kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, mi ò lọ ibẹ̀. Ìwọ ni kí o yẹ̀ ẹ́ wò, kí o wá sọ fún mi bóyá irọ́ ni mò ń pa.

Èkejì. Ìtàn yìí, o ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ lọ́nà tí ó fi máa ń bù mí kù níwájú àlejò. Gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Nígbà tí mo dé Ìkòròdú láti Ìwó, omi òjò àti omi odò nìkan ni mo mọ̀. Òun ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Mo gba ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀yìn Gáréèjì yìí, onílé sì ní bóòhóòlù. Omi náà mọ́ gaara bó ṣe ń tú jáde, ó tutù, kò lóòórùn kankan. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi, mi ò ní pọnmi lódò mọ́ láyé. Kò pẹ́, àwọn onísùtánà tó wà ládùúgbò kó aṣọ wọn wá kí n fọ̀ ọ́ fún ọdún ìkórè. Gbogbo rẹ̀ funfun. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí mo rí nìyẹn, inú mi dùn débi pé mò ń súfèé.

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo wá da bílíìṣì sí omi tí mo fẹ́ fi ṣan án, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Kí n tó ṣẹ́jú, aṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ní bílíìṣì kò tó ni. Mo dà á kún un. Ó tún pọ́n sí i. Mo tún dà á kún un. Àfi bí ẹni ń bu epo síná. Nígbà tí mo sá wọn tán, ojú okùn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dà bíi pé inú kòtò ni mo ti ṣà wọ́n. Màmá Àdúrà, tó jẹ́ olórí wọn, dé, wọ́n dúró, wọ́n wo okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní, "Alágbàfọ̀, ṣé tíì lẹ fi fọ aṣọ wa ni?"

Ojú tì mí. Kí ni mo ṣe? Ṣé mo ronú? Rárá o! Alágbàfọ̀ kan wà ní òdìkejì títì, Bàbá Rìsì ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n ti pẹ́ ládùúgbò ṣáájú mi. Mo ní àwọn ló ń ṣe ìlara mi, àwọn ló fi nǹkan sí omi mi. Mo kọjá sí òdìkejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo ń na ìka. Bàbá Rìsì wò mí, ọṣẹ dé ìgúnpá wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o ti jẹun lónìí?"

Àwọn èrò ti pé lé wa lórí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà nínú wọn tó gbé abọ́ ẹja rù, ará Ìjẹ̀dé. Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin àti omi Ìkòròdú lẹ jọ ń jà, ẹ fi bàbá sílẹ̀." Ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ tó fi ń bọ́ òórùn ẹja lọ́wọ́, ó gé e sí méjì, ó fún un sí etí sùtánà kan, ó tẹ́ ẹ sínú oòrùn. A dúró. Díẹ̀díẹ̀, pupa náà ń lọ. Kì í ṣe pé ó ṣí lọ síbòmíràn o, ó ń lọ ni! Mo bi í pé báwo ló ṣe jẹ́, kí ló wà nínú ọsàn?

Ó wojú mi. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kó yọ ni àbí ẹ fẹ́ mọ ìdí ẹ̀?"

Mo ní méjèèjì.

Ó ní, "Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni mo ní."

Ìyá rẹ nìyẹn. Bí omi yìí kò bá pọ́n, bóyá mi ò bá tí pàdé rẹ̀, ìwọ náà ò bá tí sí ní Ẹ̀pẹ́ tí o ti ń bú Fe.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé kí o má bá èèyàn jà lórí ohun tí kò yé ọ. O ní olùkọ́ yín obìnrin yẹn kórìíra ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, pé bó bá ti rí yín, á fajú ro. Ṣé o ti lọ bá a rí? Ṣé o ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí o kúnlẹ̀ kí i, kí o ní, "Mà, ibi báyìí ni kò yé mi"? Bóyá òun náà ń rò pé ẹ kórìíra òun. Bó o bá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, tí o dijú mọ́rí bí ẹni tí wọ́n jí ẹran lábọ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi tí mi ò béèrè, ilé Bàbá Rìsì ni mo ṣìnà lọ. Ọdún pípẹ́ ni mo fi ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn láràárọ̀ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó tán lára wọn.

Ẹ̀kẹta kò gùn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọsàn yẹn, orí mi wú. Mo ní bí bílíìṣì bá dára, tí ọsàn wẹ́wẹ́ náà sì dára, bí a bá pò wọ́n pọ̀, á dára lọ́nà méjì. Mo da bílíìṣì sínú ọpọ́n, mo fún ọsàn púpọ̀ lé e. Yéè! Òórùn kan jáde, ó gbá mi ní imú, ó dé ọ̀nà ọ̀fun, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò lè mí. Mo sá jáde, mo ń wúkọ́ ní ojú títì, àwọn ọlọ́kadà rò pé ẹnìkan fún mi ní májèlé jẹ. Ọlọ́run ló ní kí n máa kọ ìwé sí ọ lónìí. Má dán an wò láé, kódà kí wọ́n ní kí o ṣe é. Ohun rere méjì lè pàdé kí wọ́n bí ohun burúkú. Nígbà tí ẹ bá dé láàbù, bí wọ́n bá ní kí o má dà á, má dà á. Bí wọ́n bá ní kí o wọ gíláàsì, wọ̀ ọ́, bó bá tilẹ̀ sọ ọ́ di òwìwí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìyá rẹ ti dé. Ó ń bi mí pé ta ni mò ń kọ ìwé sí tí mo dojú dé bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwọ ni. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹja wà nílẹ̀, pé bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun á tọ́jú orí rẹ̀ dè ọ́. Ṣé o rí i? Orí ẹja ló fi ń bá mi du ọmọ.

Èyí tó kàn, ìkẹrin ni àbí ìkarùn-ún? Ìwọ bá mi kà á. Ọ̀rọ̀ sítáàṣì ni. O mọ bí a ṣe ń ṣe é. Wàá fi omi tútù po lẹ́búlẹ́bú ẹ̀gẹ́ náà, á funfun bíi wàrà. Bí o bá fi í sílẹ̀, á sílẹ̀, wàá da omi orí rẹ̀ nù, wàá sá a, á tún padà di lẹ́búlẹ́bú. Ṣùgbọ́n bí o bá ti da omi híhó sí i, lójijì báyìí, funfun yẹn á lọ, á mọ́, á ki, á máa fà. Ó tán. Kò sí bí o ṣe lè ṣe é tó máa padà sí lẹ́búlẹ́bú tó wà tẹ́lẹ̀. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà ọmọdé, mo sá a sórí páànù, ó gbẹ, ó di èèpá líle tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí tútù ń padà tí gbígbóná kì í padà? Mi ò mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é, ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó.

Ohun tí mo ń bá bọ̀ ni pé máàkì mẹ́ta yẹn, omi tútù ni. Ó ṣì ń padà. O ṣì lè kà, kí o tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ rántí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kí o yọ orúkọ rẹ kúrò ni omi híhó. Ronú sí i kí o tó dà á.

Má sì rò pé Yorùbá tí o fẹ́ fi ṣiṣẹ́ á gbà ọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Bí o bá dé iwájú àwọn ọmọ, wọ́n á bi ọ́. Ọmọ kì í mọ̀ pé tísà Yorùbá ni ìwọ, pé kí òun dúró de tísà sáyẹ́ǹsì. Ọmọ á kàn dìde ni, á ní, "Àǹtí, kí ló dé?" Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí mo bí ọ̀kan bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí, Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, ọ̀nà ni mo ń là.

Ṣé o rántí korobá ìyá rẹ? O ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n fa omi láàárọ̀, ó mọ́ gaara, o rí àwòrán ojú rẹ nínú rẹ̀, o ń yọ ahọ́n sí i. Nígbà tí o ti ilé-ìwé dé, omi náà ti pọ́n, ẹrẹ̀ tínrín ti sílẹ̀ sí ìdí rẹ̀. O dúró tì í pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. O ní, "Bàámi, omi yìí mọ́ láàárọ̀. Ta ló wá pò ó?" Mo ní kò sẹ́ni tó pò ó. O ní, "Ó wá ṣe ara ẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. O yíjú sí ìyá rẹ, òun náà ní òun ò mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni omi Ìkòròdú ṣe ń ṣe. O ní, "Ẹ bá mi wá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ẹni tó mọ̀ ọ́n! Ibo ni mo ti fẹ́ rí i? Mo ní, "Ìwọ lo máa lọ sílé-ìwé, ìwọ lo máa wá sọ fún wa." O ní, "Ó da." O sì na ọwọ́ sí mi kí n bọ̀ ọ́, bí o ṣe rí i tí àwọn oníbàárà ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo bọ̀ ọ́.

Nígbà tí o dé girama, wọ́n ní kò sí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n kó gbogbo yín sí kíláàsì ọmọ áàtì. Ọ̀rọ̀ náà sùn. Kò sùn lọ́dọ̀ tèmi. Mo kọ́kọ́ fura sí oòrùn. Mo gbé omi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tó ṣókùnkùn, ó pọ́n síbẹ̀. Mo fura sí korobá onírin, a ra onírọ́bà, ó pọ́n síbẹ̀. Mo bi ẹni tó gbẹ́ bóòhóòlù onílé, ó ní irin ló wà nínú omi. Irin? Irin tí mo mọ̀, bí o bá jù ú sómi, á rì ni, wàá sì máa wò ó nísàlẹ̀. Báwo ni irin ṣe wọ inú omi tí ojú kò rí i, tí ó wá fi ara hàn lọ́sàn-án? Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun ò mọ ìyẹn, òun ń gbẹ́ ihò ni.

Láìpẹ́ yìí ni mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Mo rọ omi sínú ìgò kan títí ó fi kún dé ẹnu, mo dé e pinpin. Mo rọ ọ́ sí òmíràn dé ìlàjì. Èyí tó jẹ́ ìlàjì pọ́n. Èyí tó kún kò pọ́n! Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Mo pe ìyá rẹ wá wò ó, ó ní kí n gbé ìgò mi kúrò lórí tábìlì òun. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó padà lọ wò ó nígbà tó rò pé mi ò sí nítòsí. Ní báyìí, afẹ́fẹ́ ni mo fura sí. Mo wo páànù orí ilé wa tó ti dípẹtà, mo wo omi inú korobá, àwọ̀ kan náà ni. Ṣé omi náà ló ń dípẹtà ni? Ṣé omi lè dípẹtà?

Lọ́jọ́ Àìkú, láàárín ẹkún, o sọ nǹkan kan. O ní wọ́n tún wá sọ fún yín pé Fe kan ṣoṣo yìí ní ìrísí méjì, oníméjì àti onímẹ́ta, pé ibẹ̀ gan-an ló ti sú ọ. Bí o ṣe sọ ọ́ báyìí, ara mi bù máṣọ. Mi ò gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ mọ́. Oníméjì àti onímẹ́ta. Ṣé ọ̀kan ni kò ní àwọ̀, tí èkejì pọ́n? Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ̀kan di èkejì? Àbí bílíìṣì mi náà ló ṣe irú iṣẹ́ afẹ́fẹ́ lára sùtánà? Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Mi ò mọ̀ o, ìfura ni. Ó lè jẹ́ pé mò ń sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n ó jọ pé Fe tí o ń bú yẹn ti wà nínú korobá ìyá rẹ láti ìgbà tí o ti ń yọ ahọ́n sí i.

Ẹni tó gbé ìwé yìí wá, awakọ̀ tó ń ná Ẹ̀pẹ́ láti Gáréèjì, á fún ọ ní ìgò méjì. Onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi tán ni. Èyí tó jẹ́ ìlàjì á ti pọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èyí tó kún, bí kò bá sí ìdíwọ́, á ṣì mọ́.

Mo fẹ́ sọ fún ọ bí a ṣe dí èyí tó kún. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń rọ ọ́. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo rò pé ó fẹ́ bá mi jà, torí ó ti ka ibi tí mo ti ní kí o má wálé. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Mùínà, ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́." Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó rì í sínú korobá pátá bí àwọn ará etí ọ̀sà ṣe ń ṣe, ó jẹ́ kó dákẹ́ híhó, ó sì dé e nínú omi lọ́hùn-ún. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní kó kọ ìdáhùn ẹ̀ ní Yorùbá o. Èmi náà fẹ́ gbọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún mẹ́nu ba orí ẹja mọ́.

Má ṣí ìgò tó kún yẹn. Gbé e lọ bá olùkọ́ yín lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ jọ ṣí i, kí ẹ jọ máa wò ó. Bí o bá sì ti pinnu pé o ń bọ̀ nílé, máa bọ̀. Mi ò ní bá ọ wí, ilé bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n gbé ìgò náà bọ̀ bó ṣe wà, kí o gbé e lé ìyá rẹ lọ́wọ́, kí o wo ojú rẹ̀, kí o sọ fún un pé o ò fẹ́ mọ̀ mọ́.

Kì í ṣe ìbéèrè wa, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ lo bi wá. A kàn ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ ni.

Bàbá rẹ,
alágbàfọ̀ ẹ̀yìn Gáréèjì.